Ìgbín Jẹ́rìí Nínú Ìjọ

“Ààlọ́ o!”
“Ààlọ̀!”

Ààlọ́ mi dá gbàgà, ó já lu Ìgbín aládùúrà. Ẹ̀yin ọmọ, Erin jókòó sórí orísun omi, òùngbẹ ń pa ìjọ ẹranko. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àgbọ̀nrín pe Ìgbín kí wọ́n jọ lọ kojú Erin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìgbín, jáde o!
*Mò ń gbàdúrà!*

Àgbọ̀nrín náà gbàdúrà, àmọ́ ó ń rìn lọ bó ṣe ń gbà á. Nígbà tí òun àtàwọn ẹranko yòókù fi lé Erin lọ, ìwo kan ti kán lórí Àgbọ̀nrín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló kọ́kọ́ dìde jẹ́rìí? Ìgbín mà ni! “Àdúrà mi ló lé Erin!”

Àgbọ̀nrín ní, “Halelúyà, Bàbá Àdúrà! Erin ti ń padà bọ̀. Ẹ ṣáájú wa.”

Kí ìjọ tó ṣe àmín, Ìgbín ti wọ ìkarahun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tún gbè é:

Ìgbín, jáde o!
*Mò ń gbàdúrà!*