Àyè Tó Wà Lórí Bẹ́ǹṣì

Ní agbo-ilé wa, orí bẹ́ǹṣì lọkùnrin ń jókòó sí nípàdé, obìnrin a jókòó sórí ẹní. Ẹni tó bá wà lórí ẹní kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá Mojírádé, ọmọbìnrin náà ní orí bẹ́ǹṣì lòun máa jókòó sí.

Baba Láṣebìkan, olórí ẹbí, jágbe: "Ẹ̀yin obìnrin fẹ́ lé wa dìde ni?"

"Rárá o, Baba. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra."

"Ṣé ojú ọ̀run nìyí? Àyè dà?"

Gbogbo wa wo ẹ̀gbẹ́ Baba. Fìlà rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ gẹlẹtẹ. Mojírádé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ dé fìlà yín, Baba."

Ó sì jókòó. Baba ò kúrò níbi tó wà. Fìlà nìkan ló dìde.