Ohun Tó Fi Omijé Sójú Ọ̀nì

Nígbà láéláé, nígbà tí ojú Ọ̀nì ṣì gbẹ táútáú bí ewé inú ọyẹ́, Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé létí odò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, kò rí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó wá a nínú koríko, ó wá a lábẹ́ àpáta, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àwọn ẹranko odò wá bá a kẹ́dùn. Àṣà wọn nígbà náà ni pé ẹni tó bá sunkún jù nílé ọ̀fọ̀ ni ìyá ọlọ́fọ̀ yóò fa àwọn ọmọ tó kù lé lọ́wọ́, kó bá a tọ́jú wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tí ọ̀ràn dùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ọmọ ní ibi.

Ọ̀nì ló dé kẹ́yìn. Omijé ń dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Ó yí gbiri nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìrù na ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Imú ló fi ń sunkún.

Àkèré wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀nì, àbí ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

"Hùn-ùn," ni Ọ̀nì fi imú dáhùn.

Àánú rẹ̀ ṣe Pẹ́pẹ́yẹ. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni mo fa àwọn ọmọ mi lé lọ́wọ́."

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀yìn Ọ̀nì. Ìyá wọn fi apá nu omijé rẹ̀ fún un, ó sì fi apá kan náà nu ojú ara rẹ̀.

Lójú kan náà, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó fò sókè, ó tún balẹ̀. Ata ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rọra bèèrè, "ṣé ata lẹ fi ń sunkún ọmọ mi?"

Ọ̀nì gbàgbé ara rẹ̀, ó la ẹnu kó ṣàlàyé. Ìyẹ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, múlọ́múlọ́, ló há sí i láàárín eyín.

Àkèré la ẹnu sílẹ̀, kò rí i pa dé.

Pẹ́pẹ́yẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ẹkún tí o yá lọ́wọ́ ata kò ní kúrò lójú rẹ mọ́. Bó o bá ti ń jẹun ni wàá máa sun ún, ẹnikẹ́ni kò sì ní bẹ̀ ọ́ pé kó o dákẹ́."

Ọ̀nì bẹ́ sódò, ó fọ ojú títí, ata kò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni omijé ti ń bọ́ lójú ọ̀nì bó bá ń jẹran. Òun náà ló mú kí àwọn Òyìnbó máa sọ pé omijé ọ̀nì ni ẹnìkan ń dà, bó bá ń dárò ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ ní tirẹ̀ kò fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ibi tó bá ń lọ, gbogbo wọn ni yóò tò tẹ̀ lé e.