Ayàwòrán Tó Gun Ilé Agogo

Ayàwòrán ni Akínṣọlá, ìrìn àjò sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Lásìkò tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí kámẹ́rà ṣì tóbi bí àpótí aṣọ, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló máa ń di tirẹ̀ mọ́, pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé e dúró àti àwọn dígí pẹlẹbẹ tí àwòrán ń jáde sí lára. Ìlú àtijọ́ ló ń wá kiri: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn tó ti òkè òkun dé kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí koríko ti hù lára ògiri rẹ̀, ọjọ́ ọdún tí tọmọdé tàgbà ń wọ aṣọ funfun. Kò sí ohun tí kò fẹ́ mọ̀. Bó bá dé ìlú, á fọwọ́ pa ògiri, á ka fèrèsé, á fi ẹsẹ̀ wọn ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe, kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ó gbà pé ẹni tó bá ti ríbi gíga dúró sí ti rí gbogbo nǹkan. Ìlú mẹ́rìnlá ló ti yà nígbà náà, orí òkè, orí igi tàbí orí òrùlé ló sì ti ya gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan dé láti Ìdí-Ọ̀sà. Akọ̀wé ìjọ ibẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ti sán, àwọn á wó o lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọdún ọ̀sà, ọ̀nà mọ́tò ni tuntun yóò sì kọjú sí. Wọ́n fẹ́ àwòrán kan tí ọdún ọ̀sà àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yóò jọ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sínú tuntun, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ bí ó ṣe rí. Inú Akínṣọlá dùn. Ó kó dígí méjìlá, ó gbéra. Ṣùgbọ́n afárá onígi kan wà lọ́nà Ìdí-Ọ̀sà tí kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Ó gbé Akínṣọlá ṣubú yakata. Nígbà tó tú àpò wò, dígí mọ́kànlá ti fọ́, ẹyọ kan péré ló kù.

Òun náà ló gbé dé ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún, ó yí ṣọ́ọ̀ṣì náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá ibi tí yóò dúró sí. Lápá ọ̀sà, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, wọ́n sì fi páànù bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Abẹ́ páànù yẹn ni Ìyá Dọ́kásì, àgbà obìnrin ìjọ, jókòó sí lórí àpótí. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, igbá kan tí wọ́n fi ọmọrí dé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, mà."

"Ọdún á yabo, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni ayàwòrán tí wọ́n ní ó dé?"

"Èmi ni, mà."

"Ibo lo wá fẹ́ dúró sí?"

Akínṣọlá nàka sí ilé agogo tó ga lórí ṣọ́ọ̀ṣì náà. "Òkè yẹn, mà. Dígí kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, mi ò gbọdọ̀ ṣì í lò. Láti òkè, màá rí ọ̀sà, màá rí ọ̀nà, màá rí títí dé ààfin."

"Ọ̀sà ò lọ síbì kan," ni Ìyá Dọ́kásì wí. "Wá jókòó tì mí. Ohun tó o wá wò, ibí ló ń bọ̀."

Akínṣọlá wo abẹ́ páànù náà. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó ń rùn bí ilé àdán. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé àgbàlagbà tó dá jókòó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an, kí lẹ lè rí níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí? Ògiri lẹ fẹ̀yìn tì, páànù ló sì bò yín."

"Ọdún kẹtàdínláàádọ́rin rèé tí mò ń jókòó síbí," ni ìyá dáhùn. "Kò tíì fò mí rí."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ti ro ọ̀rọ̀ náà títí. Kí ni kò tíì fò ó rí? Ìbéèrè kan péré ni, kò gbà ju kéèyàn ya ẹnu lọ. Akínṣọlá kò bèèrè. Ó ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń ka àtẹ̀gùn ilé agogo lọ. Méjìdínlọ́gọ́ta ni, ẹ bá mi kí i.

Lóòótọ́, òkè dára. Ó rí ọ̀sà tó ń dán, ó rí àwọn ọkọ̀ ojú omi bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀. Àwọn apẹja bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ lé èjìká, wọ́n ń jó bọ̀. Baba Òkunúgà, olórí wọn, ló ṣíwájú. Orin gba ìlú kan. Akínṣọlá mú ọwọ́ dúró lórí kámẹ́rà, ó ń ṣọ́ ìgbà tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe kan ṣọ́ọ̀ṣì ni orin dá wáí. Baba Òkunúgà kọrí sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ó wọ abẹ́ páànù. Gbogbo àwọn tó kù dúró síta, wọ́n tẹ orí ba. Akínṣọlá na ọrùn títí, páànù nìkan ló rí. Ó yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yẹ̀ sósì, páànù náà ni. Ó mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Kí àwọn èèyàn tó gbórí sókè, ó tẹ kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ló sáré sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó fi dé ìsàlẹ̀, orin ti tún bẹ̀rẹ̀, èrò ti ń kọjá lọ sí ààfin. Ìyá Dọ́kásì ṣì wà lórí àpótí rẹ̀. Igbá ti ṣófo. Ìdí ògiri tutù.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ síbí, ewé ni wọ́n fi bò ó," ni ìyá wí. "Ó gbiná. Àwọn apẹja tí kì í bá wa wọ ilé ìsìn, àwọn ló fi igbá gbọ́n omi ọ̀sà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí iná fi kú. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ọdún wọn, olórí wọn á gbé àjẹ̀ rẹ̀ ti ara ilẹ̀kùn yìí, àgbà obìnrin ìjọ á bu omi fún un. Á mu ìdajì, á da ìdajì sí ìdí ògiri. Òun la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa."

Akínṣọlá sáré bá Baba Òkunúgà lọ́nà, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á wá dígí mìíràn kiri bó bá dọ̀la.

"Dìde, ọmọ mi," ni baba náà wí. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń ṣe é. Bó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, ilẹ̀kùn náà ò sí mọ́."

Ọjọ́ Ajé, wọ́n wó o.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Akínṣọlá gbé àwòrán náà dé. Ìyá Dọ́kásì gbé e lé itan, ó wò ó fínnífínní. Ọ̀sà wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún èèyàn tó tẹ orí ba, àti páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan láàárín wọn.

"Ọwọ́ rẹ dára," ló wí. Ó wá fi ìka kan etí páànù náà, níbi tí ẹsẹ̀ méjì ti yọ síta. "Ẹsẹ̀ mi rèé."

Akínṣọlá bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ pè mí kí n wá jókòó."

"Mo pè ọ́," ni ìyá wí, ó sì fi ọwọ́ pa á lórí.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí. Gbogbo ọmọ tó bá wò ó ló ń bèèrè pé ẹsẹ̀ ta nìyẹn, kí ló sì wà lábẹ́ páànù, ẹnu nìkan ni wọ́n sì lè fi sọ ọ́ fún wọn. Ní ti Akínṣọlá, ìlú yòówù tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kámẹ́rà rẹ̀ á kọ́kọ́ wà. Á wá àgbà tó jókòó kàn, á jókòó tì í, á bèèrè ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Ìdí-Ọ̀sà, bí wọ́n bá rí ọ̀dọ́ tó ń kánjú fi àgbà sílẹ̀, ṣe máa ń rán an létí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.