Àṣíborí Tí Ọ̀wọ̀ Jẹ

Ní Òkè-Apó, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń tọ́jú nǹkan ní àtọ́jújù, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn ní, "Ọ̀wọ̀ ló jẹ àṣíborí, kòkòrò kàn ṣa èérún jẹ ni," wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Àlejò tó bá gbọ́ ọ á máa wojú wọn. Ìgbà wo ni ọ̀wọ̀ hu eyín? Awọ ẹfọ̀n tí idà kò ràn ni wọ́n fi ṣe é, ṣé ọ̀wọ̀ ni yóò wá rí i jẹ? Èmi náà ti bi wọ́n rí. Nígbà tí mo gbọ́ ìdáhùn, ì bá wù mí kí n má bèèrè.

Nígbà tí ogun ṣì ń jà káàkiri, àwọn ará Òkè-Apó mọ àṣíborí ogun ṣe. Wọ́n á rẹ awọ ẹfọ̀n sómi, wọ́n á nà án bo ìdí odó, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi le koko. Bí ogun bá tán, orí àjà ilé ìdáná ni wọ́n ń kó wọn sí, lókè ààrò gan-an, kí èéfín lè máa rú bò wọ́n lójoojúmọ́, nítorí kòkòrò kì í bá èéfín gbé. Ṣùgbọ́n àlàáfíà pẹ́ nílùú. Àwọn tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kú, àṣíborí sì di ohun ìgbàgbé.

Lọ́jọ́ kan, ìjì ká òrùlé ilé ìdáná Àwẹ̀ró, ìyàwó Balógun Ẹgbẹ́yẹmí. Àwọn tó wá fi koríko tuntun bò ó bá àwọn nǹkan dúdú kan tí wọ́n dojú wọn dé lórí àjà. Àwẹ̀ró ní agbọ̀n àtijọ́ tí ìyá ọkọ òun fi sílẹ̀ ni, kí wọ́n kó wọn dànù. Ibi tí wọ́n ti ń jù wọ́n sílẹ̀ ni ọ̀kan ti bọ́ lé ọlọ lórí. Ọlọ ló là.

Balógun gbé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún, ó sì rí ojú àpá idà tí wọ́n ti ń ròyìn fún un láti kékeré pé ó wà lára àṣíborí baba ńlá rẹ̀. Ó sunkún. Ayọ̀ rẹ̀ kò ju ìtìjú rẹ̀ lọ.

"Ohun tó gba orí àwọn baba wa là," ló ní, "òun la wá gbé kọ́ sókè ìkòkò ọbẹ̀ yìí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nìyẹn. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ èéfín kúrò lára gbogbo wọn, omi tó ń ṣàn sílẹ̀ dúdú bí aró. Inú rẹ̀ dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Balógun kọ́ ilé kan fún wọn, ó fi aṣọ àlà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì kà á léèwọ̀ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn wọ́n mọ́. Lọ́dọọdún, ìlú á wá foríbalẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà. Iná kò wọ ibẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ fín èéfín sójú àwọn baba rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn kò tún odi ìlú ṣe mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ní irú àṣíborí wọ̀nyẹn, kí ló fẹ́ fi odi ṣe?

Ogun sì dé, ó gba ọ̀nà odò. Àwọn ọ̀dọ́ pé síwájú ilé náà, Dáramọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Balógun àti Àwẹ̀ró bí, ló ṣáájú wọn. Balógun nìkan ló wọlé. Ó gbé èyí tó jẹ́ ti baba ńlá rẹ̀, ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ. Ó gbé òmíràn, bákan náà ni. Lábẹ́ aṣọ tó funfun nini, kòkòrò ti jẹ awọ náà láti inú wá.

Ó jókòó sílẹ̀. Bó bá sọ fún wọn, kò sí ẹni tí yóò jáde, odi tí yóò dá ogun dúró kò sì sí. Wọn á kó ìlú kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá sọ, ó mọ ọmọ tí yóò kọ́kọ́ dé e. Ó jókòó títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Nígbà tó jáde, ó kó àwọn àṣíborí náà fún wọn pẹ̀lú aṣọ lára wọn. Ó ní èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú aṣọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe dé e.

Dáramọ́lá dé tirẹ̀, ó mi orí wò.

"Bàbá, ó fúyẹ́."

"Àwọn baba wa ló ń bá ọ gbé e," ni Balógun wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀, ó sì lọ.

Wọ́n jà. Kò sí ẹni tó lè ní wọn kò jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé idà kò lè ran orí òun kì í yẹrí; orí ni wọ́n fi ń gba kùmọ̀. Ogun sá padà sẹ́yìn odò lóòótọ́, àmọ́ orí ẹní ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà wálé.

Àwẹ̀ró tú aṣọ àlà kúrò lórí ọmọ rẹ̀. Awọ tó ti di lúúlúú dà sílẹ̀ nínú irun rẹ̀. Ó bù ú, ó fi ìka pa á, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Dáramọ́lá, ṣé ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó gbé e fún un?"

Balógun kò lè gbójú sókè. "Kòkòrò ló jẹ ẹ́, Ìyá Dáramọ́lá. Kòkòrò ni."

"Kòkòrò kọ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fọ èéfín kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ dì í. Gbogbo ìlú ló ń foríbalẹ̀ fún un, kò sí ẹni tó yẹ inú rẹ̀ wò. Ọ̀wọ̀ ló jẹ ẹ́. Kòkòrò kàn ṣa èérún jẹ ni."

Ó kó ohun tó kù nínú àṣíborí náà sínú agbọ̀n, ó gbé e padà sórí àjà, ó sì dáná sábẹ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń dá iná náà, ì báà fẹ́ se nǹkan, ì báà má fẹ́. Èéfín ń gòkè bó ti yẹ kó máa gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí àṣíborí mọ́, orí tí yóò dé e pàápàá kò sí. Ẹ̀yìnkùlé ni Balógun ń gbà kọjá títí ó fi kú, kó má baà gbóòórùn èéfín yẹn.

Nítorí náà, bí o bá dé Òkè-Apó, tí o rí ohun iyebíye tó dúdú kirikiri lókè ààrò wọn, má gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé e lọ síbi tó mọ́. Wọ́n á sọ fún ọ pé ọ̀wọ̀ ló jẹ àṣíborí. Kòkòrò kàn ṣa èérún jẹ ni. O ti wá mọ orí ọmọ tí wọ́n ń rántí.