Ọ̀kan Tó Kù Nínú Àpáta

Ní ìlú Ìdí-Àpáta, níbi tí iṣẹ́ òkúta fífọ́ ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ́ṣaléwá. Òun ni iléeṣẹ́ òkúta ìlú náà gbà láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yin ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Kí ó tó dé, Baba Fájìnmí ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣáná sí ẹ̀tù náà láti ihò dé ihò, fún ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta. Ìka méjì péré ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọjọ́ tí Ọmọ́ṣaléwá rí ọwọ́ náà ló pinnu pé èèyàn kankan kò ní sún mọ́ ẹ̀tù mọ́.

Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C ló fi kọ iṣẹ́ náà. Ihò mẹ́wàá ni wọ́n máa ń gbẹ́ sára àpáta láti ki ẹ̀tù sí; dípò kí ó kọ àṣẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá fún wọn, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú lúùpù, èyí tí ẹ̀rọ fi ń tún iṣẹ́ kan ṣe títí yóò fi kan ibi tí a ní kí ó dúró. Àwọn tó ń lo èdè yìí a máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Nítorí náà, ohun tó pa láṣẹ ni pé: bẹ̀rẹ̀ láti òdo, yin ẹ̀tù kan, fi oókan kún iye rẹ, kí o sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí iye náà bá ṣì kéré sí mẹ́wàá. Ó fi gílóòbù mẹ́wàá dípò ẹ̀tù dán an wò. Gbogbo wọn tàn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lò ó, Baba Fájìnmí yọjú wo ẹ̀rọ náà, ó rí i pé láti ihò òdo ló ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, ó fajú ro.

"Ọmọ mi, kò sí ihò òdo lórí àpáta yìí. Láti oókan dé ẹẹ́wàá la kọ nọ́ńbà sí wọn. Èyí á rú àwọn òṣìṣẹ́ lójú."

"Òótọ́ lẹ sọ, Baba. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ó yí òdo sí oókan, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ibi ìdúró rẹ̀. Ó yẹ kí ó tún fi gílóòbù dán an wò, àmọ́ ọ̀gá iléeṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlàkin, ti ń wo aago, àwọn ọkọ̀ akóòkúta sì ti tò dé ojú títì.

Fèrè dún. Gbogbo èèyàn sá pamọ́. Ọmọ́ṣaléwá tẹ bọ́tìnnì. Àpáta bú gbàù, ó tún bú, ó tún bú, eruku bo ojú ọ̀run. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ojú ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà pé: Iṣẹ́ ti parí.

"Mẹ́sàn-án ni mo gbọ́," ni Baba Fájìnmí wí.

Ọmọ́ṣaléwá rẹ́rìn-ín. "Baba, méjì ló dún pọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣi kà."

"Èmi náà kì í ṣi gbọ́."

Akínlàjà, ọkùnrin tó máa ń fi irin lu àpáta láti mọ ibi tó ti sán, ti gbé irin lé èjìká. Ó wo bàbá náà, ó wo Ọmọ́ṣaléwá. "Ẹnjiníà, ṣé kí n wọlé?"

Ọmọ́ṣaléwá mọ̀ pé bí òun bá ní kí wọ́n dúró, gbogbo wọn ni yóò sọ pé ẹ̀rọ òun kò ṣe é gbára lé.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n. Ó ti parí."

Akínlàjà kò tíì fi irin náà lu àpáta lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀tù ihò kẹwàá, tí ẹ̀rọ kò yìn, fi bú mọ́ ọn. Aṣọ ìbora kan ni wọ́n fi kó o délé, kò sì kún un.

Ọmọ́ṣaléwá ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò. Láti oókan, níwọ̀n ìgbà tó bá kéré sí mẹ́wàá: mẹ́sàn-án. Ó kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ̀tù tí kò dára la máa sọ pé ó fà á," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèlàkin wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Ọmọ́ṣaléwá dìde. Ilé Akínlàjà ló kọrí sí, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Ìbídùn ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi ni. Mẹ́sàn-án ló yìn. Baba sọ fún mi, mi ò gbọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n wọlé."

Ìbídùn kò sunkún. "Ṣé ó bi yín kó tó wọlé?"

"Wọ́n bi mí."

"Ó máa ń béèrè." Ìbídùn tún wí pé: "Ẹ ka mẹ́sàn-án, ẹ pè é ní mẹ́wàá. Ọkọ mi lẹ fi kún un kó lè pé. Ẹ dìde níwájú mi."

Ọmọ́ṣaléwá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ níwájú àwọn aṣèwádìí tí ìjọba rán wá, kò yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìlú náà sílẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Àpáta bá ń kánjú pe iṣẹ́ tó kù díẹ̀ ní èyí tó parí, òwe tí àwọn àgbà máa ń pa fún un ni pé: ẹni tó ka mẹ́sàn-án tó pè é ní mẹ́wàá, ọ̀kan tó kù ń dúró dè é.