Oyinlọlá àti Èèrà Tó Ń Tò Tẹ̀ Lé E

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Fadérera, gbé ṣúgà ọwọ́ rẹ yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ gan-an ni mo ń bá wí! Ààlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó kan Oyinlọlá, ọmọ Ìyádùnní.

Ní ayé àtijọ́, Ìyádùnní wá ọmọ, ó wá ọmọ, ó wá ọmọ, kó tó bí Oyinlọlá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà gbé àwo kalẹ̀: omi, iyọ̀, orógbó, oyin. Wọ́n fi orógbó kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ figbe ta. Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, ọmọ lá ètè, ó dákẹ́.

Ìyádùnní ní, "Ẹ ò rí i? Oyin lọmọ mi fẹ́. N kò ní fi nǹkan mìíràn fìyà jẹ ọmọ tí mo fomijé wá."

Ni Oyinlọlá bá ń dàgbà. Oyin láàárọ̀, oyin lọ́sàn-án, oyin lálẹ́. Ẹ̀wà ńkọ́? Ó ní òun ò jẹ. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ó ní òun ò jẹ. Ẹja ńkọ́? Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá àgbà, ìyá Ìyádùnní, kìlọ̀ títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ẹ wá wo nǹkan! Èèrà gbọ́ òórùn oyin. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré bojúbojú, tí Oyinlọlá sá pamọ́, èèrà á tò lọ bá a, wọ́n á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Oyinlọlá, ibo lo wà?
*Èèrà tò, tò, tò!*
Bó o sá sẹ́yìn ìkòkò,
*Èèrà tò, tò, tò!*
Adùn ẹnu rẹ ló ń pè wá,
*Èèrà tò, tò, tò!*

Àwọn ọmọ á wọ́ tẹ̀ lé èèrà, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ní kóun sáré, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Lọ́jọ́ kan, ó gé àgbàdo sísun jẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Eyín kan kán, ó dú bí èédú. Oyinlọlá bú sẹ́kún: "Ìyá mi, mi ò lè jẹun mọ́! Mi ò lè sáré mọ́! Mi ò lè sá pamọ́ fẹ́nikẹ́ni mọ́!"

Ìyádùnní sáré tọ Ìyá àgbà lọ.

Ìyá àgbà bi í pé, "Ṣé oyin nìkan ló wà nínú àwo lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

"Rárá, Ìyá mi."

"Ta ló wá ní kó o da ìyókù nù?"

Ìyádùnní bú sẹ́kún. "Háà! Èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́!"

"Kò tíì bàjẹ́. Gbé ẹ̀wà kaná."

Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n ro ẹ̀fọ́, wọ́n wá orín fún eyín. Lọ́jọ́ kìíní, Oyinlọlá yọ ṣùtì. Lọ́jọ́ kejì, ó tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ bù sí i!" Oyin di ohun ọjọ́ ọdún.

Nígbà tó ṣe, eré bojúbojú tún dé. Oyinlọlá fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ó bọ́ sínú àká. Èèrà jáde. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n gba ìdí ìrèké lọ. Àwọn ọmọ wá a tì. Ìyádùnní fúnra rẹ̀ wá a tì. Ó káwọ́ lérí: "Yéè! Ọmọ mi dà?"

"Kìkìkì!" Oyinlọlá yọrí látinú àká. Eyín tuntun ti ń yọ níbi tí èyí tó dú ti kán.

Ìyádùnní gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, tún lọ sá pamọ́, kí n tún wá ọ!"

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: ohun dídùn nìkan kì í ṣe oúnjẹ ọmọ, díẹ̀ ló yẹ kó máa jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ, kó fún un ní gbogbo ohun tó wà nínú àwo.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí èèrà bá mi dórí ẹní. Fadérera, ṣúgà ọwọ́ rẹ dà? Háà! Ẹ wo ilẹ̀, èèrà ti tò débẹ̀!