Ìjọ Ta Ni Kí Sàlámátù Wá?
Alàgbà Oyèdòkun fi ipò ọ̀gá ni Sàlámátù, akọ̀wé rẹ̀, lára: nínú ọkọ̀ òfuurufú tí iṣẹ́ gbé wọn wọ̀ lọ sí Àbújá, ó ní bí kò bá gbà láti wá sí ìjọ òun kí ọkọ̀ tó balẹ̀, kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Sàlámátù ká tẹ̀súbáà rẹ̀ mọ́wọ́, ó ní, “Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n wòlíì tó jókòó lẹ́yìn wa ti pè mí sí ìjọ tiwọn kí a tó wọkọ̀. Ìjọ ta ni kí n wá nínú yín?” Ojú alàgbà pọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn: “Ẹ tún ti dé! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kó àwọn akọrin wa lọ lọ́jọ́sí?” Wòlíì ní, “Èmi ni mo kọ́kọ́ rí arábìnrin yìí!” “Akọ̀wé mi ni!” Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n ń na ìka síra wọn lójú. Sàlámátù bá kọjú sí àwọn èrò: “Ẹ̀yin ará, ọ̀gá mi ní òun á lé mi níṣẹ́ tí n kò bá bá wọn dé ìjọ tí wọ́n ti ń ṣe báyìí. Ṣé kí n lọ?” “Má lọ o!” ni gbogbo ọkọ̀ dáhùn. Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni gbè é. Ó ṣí fìlà, ó ní, “Sàlámátù, mo jẹ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn pé mo ṣẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ ṣì wà níbẹ̀. Jọ̀wọ́, má bínú.”